Ajá Dúdú, Ọ̀nà Tóóró, Màmá Lóru

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọmọdé, àgbà àti ẹran ilé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ooru ló fà á, a fura bẹ́ẹ̀: gbogbo ará ilé, títí kan ajá, ló ń du ibi tútù kan ṣoṣo.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 74, ti wá bá wa gbé ní Kúbwá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ajá wa, Bíńgò, dúdú bí èédú, ọ̀ọ̀dẹ̀ tó lọ sílé ìwẹ̀ ló sì máa ń sùn sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá ti fẹ́ ṣubú lé e lórí lóru. Ọkọ mi ní ká fi ajá náà ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, àwọn ọmọ ń sunkún. Kí ni ká ṣe?
Ìyá Ìbejì, Kúbwá

Ẹ má tíì fi Bíńgò ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí tó fi yan ọ̀ọ̀dẹ̀. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ẹnu ló fi ń mí hẹlẹhẹlẹ kí ara rẹ̀ tó tutù, bó bá sì fi ikùn lélẹ̀ lórí táìsì, ooru ara rẹ̀ á máa wọ ilẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀ọ̀dẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ló sì ti lè ṣọ́ ìlẹ̀kùn gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá kàn ń lé e, á dìde, á sì ti padà kí ẹ tó yíjú.

Ẹ wá ibi tútù míì fún un tí kò sí lójú ọ̀nà, àmọ́ tó ti lè máa rí yín. Igun pálọ̀ tí fáànù ń fẹ́ dé dára, ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn ilé ìdáná náà dára. Ẹ ká àpò ìdọ̀họ sí méjì, ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀, ẹ sì máa wọ́n omi sí i díẹ̀ lálẹ́ tí ooru bá mú. Kó má rin gbingbin o, kó kàn tutù lásán ni.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó wá kọ́ ọ. Ẹ bọ ẹ̀dọ̀ màlúù díẹ̀ láìfi iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sí i (àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́), ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ègé kan má tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Ẹ ju ègé kan sórí àpò náà, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bóyá “Àyè ẹ!” Bó bá ti fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ àpò, ẹ fún un ní òmíràn. Lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ má jù ú ṣáájú mọ́: ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ nawọ́ síbẹ̀, kó lọ kó tó jẹ. Tó bá ti mọ ìyẹn, kó dùbúlẹ̀ kó tó jẹ. Tó bá ti mọ ìyẹn náà, kó dùbúlẹ̀ títí ẹ ó fi kà dé ogún. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́, ó tó. Bó bá ti sú u, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ohun tó sábà máa ń da ẹ̀kọ́ náà rú ni pé bàbá ń sọ “Àyè ẹ,” ọmọ ń sọ “Go,” màmá ń sọ “Ṣíọ̀, kúrò ńbẹ̀ jàre.” Ajá ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo yín ń sọ. Ẹ jọ fẹnu kò sórí ọ̀kan.

Kó tó mọ̀ ọ́n tán, ẹ so ṣaworo kékeré méjì mọ́ bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀, kí ìka méjì sì lè wọ abẹ́ bẹ́líìtì náà. Bó bá ti mira, màmá á gbọ́. Àmọ́ ajá tó sùn fọnfọn kì í mira, iná ló wá kù. Iná tó bá wà lókè lẹ́yìn ẹni, iwájú ẹni ni òjìji máa ń bọ́ sí, inú òjìji yẹn gan-an sì ni ajá dúdú máa ń wà. Ẹ ra iná kékeré alábátìrì tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ béèyàn bá ti kọjá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kó má ga ju orúnkún lọ: ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá màmá, ọ̀kan lẹ́nu ilé ìwẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kì bọ ògiri nìkan, ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ ni ẹ máa mọ̀ pé òfo ni.

Ó ku apá ti màmá fúnra wọn. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n ń dìde lóru? Bó bá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti ajá. Ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ó lè jẹ́ kòkòrò ló wọ ojú ìtọ̀ wọn, ó sì lè jẹ́ pé alẹ́ ni wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru irú èyí tó máa ń mú ni tọ̀. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè gbé e sí òwúrọ̀. Ẹ má torí ẹ̀ fi omi dù wọ́n: òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà bí omi bá tilẹ̀ ti dín lára wọn. Kí wọ́n mu púpọ̀ nínú omi wọn kí aago méje alẹ́ tó lù, ìyẹn tó. Bí wọ́n bá jí, kí wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n kà dé ọgọ́ta kí wọ́n tó dìde, torí ẹ̀jẹ̀ kì í tètè gòkè dé orí àgbà, òòyì ló sì máa ń kọ́kọ́ kọ́ wọn, ajá kàn wà níbẹ̀ láti gba ẹ̀bi ni. Kí wọ́n ró ìrọ́ sókè kó má wọ́lẹ̀. Sílípáàsì onírọ́bà tí ìdí rẹ̀ ti dán, ẹ gbé e jù nù. Bàtà tó ní ìdè lẹ́yìn gìgísẹ̀ ni kí wọ́n máa wọ̀.

Ọ̀kan tó kù yìí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ sọ ọ́. Bí màmá bá ń ju eegun adìyẹ sí Bíńgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, àwọn gan-an ló ń pè é wá sẹ́sẹ̀ ara wọn. Eegun adìyẹ tí a ti sè sì máa ń ya ṣóṣóró, ó lè gún ìfun ajá. Ẹ fún wọn ní abọ́ kékeré kan tí ègé ẹ̀dọ̀ yẹn wà nínú rẹ̀, kí wọ́n máa jù ú sórí àpò ìdọ̀họ. Wọ́n á ṣì máa fún un lóúnjẹ, àpò ni òun náà á sì máa sá lọ.

Olùkọ́ sọ fún ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, pé ọdún kan ajá jẹ́ méje ti ènìyàn. Ajá wa pé ọdún mẹ́wàá. Láti ìgbà náà ló ti ń dọ̀bálẹ̀ kí ajá láràárọ̀ pé ẹni àádọ́rin ọdún ni, ó ju bàbá àgbà tó jẹ́ 68 lọ. Bàbá àgbà ò fi í ṣe ẹ̀rín mọ́.
Bàbá Ṣẹ̀yí, Lugbe

Kí bàbá àgbà fọkàn balẹ̀. Ìṣirò ìlọ́po méje yẹn kò péye. Ọdún àkọ́kọ́ ajá tó bíi 15 ti ènìyàn, ìkejì fi bíi 9 kún un, ó di 24. Láti ibẹ̀ lọ, ọdún kọ̀ọ̀kan ń fi 4 tàbí 5 kún un. Ajá ilé wa tí kò tóbi púpọ̀, tó bá pé mẹ́wàá, kò ju ẹni bí ọgọ́ta ọdún lọ. Àwọn ajá ńlá ló máa ń tètè gbó. Bó bá jẹ́ Boerboel lẹ ní, ọ̀rọ̀ á yí padà, kí ọmọ máa dọ̀bálẹ̀ lọ.

Ẹ lo àǹfààní ẹ̀ láti wo ojú ajá náà. Bí ẹyinjú rẹ̀ bá ṣú bí èéfín tó ní àwọ̀ aró díẹ̀, ọjọ́ orí ni, ó ṣì ń ríran. Bó bá funfun bíi mílíìkì, ó lè jẹ́ pé kò ríran mọ́. Ẹ ju òwú kékeré kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀: òwú kì í dún, kì í rùn, nítorí náà bó bá fi ojú tẹ̀ lé e, ó rí i nìyẹn. Bí kò bá rí i, ẹ má ṣí àga pálọ̀ nípò mọ́, kí abọ́ omi rẹ̀ sì wà níbi tó ti mọ̀ ọ́n sí.

A ti ra àgbò Iléyá sílẹ̀ ní Minna kí owó rẹ̀ tó gun òkè. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Alájì, wọ́n ń fi búrẹ́dì àti ìrẹsì bọ́ ọ. Lánàá, ikùn rẹ̀ wú lápá òsì, kò jẹun, ó ń fi eyín ha eyín. Ó ti san díẹ̀. Kí ló ṣe é? Kí la sì máa sọ fún àwọn ọmọ tí ọjọ́ bá pé?
Ìyá Àfúsá, Minna

Apá òsì ni ikùn ńlá àgbò wà, ibẹ̀ ni koríko ti ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni rẹ ògì. Bí búrẹ́dì, ìrẹsì tàbí àgbàdo bá ya wọ ibẹ̀ lójijì, á kan ju bó ṣe yẹ lọ, gáàsì á kún un, ẹran ò sì ní lè gùfẹ̀. Ó ń fi eyín ha eyín nítorí inú ń run ún. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀. Ẹ mú un dúró níbi tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti ga ju ti ẹ̀yìn, ẹ máa fọwọ́ ra ìhà òsì rẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà ẹran kíá. Aládùúgbò tó bá mú ọ̀bẹ wá pé òun á gún un kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tì í sẹ́yìn. Ẹ má da òróró sí i lọ́fun nígbà tó ń mí gúlegúle. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa bá lọ.

Láti òní, igi ẹ̀wà gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní harawa lọ́jà, tàbí ewé ẹ̀pà gbígbẹ, ni kó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Àgbò tó wọn 40 kìlógíráàmù máa ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ tó 1.2 sí 1.6 kìlógíráàmù lóòjọ́. Dúsà, ìyẹn èérí ọkà, ẹ lè fún un ní 200 gíráàmù láàárọ̀, 200 lálẹ́, àmọ́ ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá gbé e débẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi lítà mẹ́rin sí mẹ́fà lóòjọ́ lásìkò ooru yìí, kó máa wà níbòòji. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ nínú oòrùn kó tó kàn án lẹ́nu, nítorí májèlé inú rẹ̀. Kí àwọn ọmọ sì máa ṣa ọ̀rá omi tó bá fẹ́ wọ àgbàlá: àgbò kì í yan oúnjẹ, ọ̀rá kì í rẹ̀, inú ikùn ńlá yẹn ló máa ń dì sí títí ẹran á fi rù.

Ẹ la ẹnu rẹ̀ wò náà. Ẹ má bẹ̀rù pé kò ní eyín iwájú lókè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Nísàlẹ̀, mẹ́jọ ló wà. Bí méjì àárín bá ti tóbi ju àwọn tó kù lọ, ó ti pé ọdún kan.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ má sọ fún wọn pé Alájì ti padà sí Sókótó. Wọ́n á rí awọ rẹ̀ lórí ògiri lọ́jọ́ kejì, wọn ò sì ní gbà yín gbọ́ mọ́ lórí ohun tó ju àgbò lọ. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní kúkúrú láti ìsinsìnyí: Iléyá la rà á fún, títí di ọjọ́ náà kò gbọ́dọ̀ jìyà lọ́wọ́ wa. Ẹ pín iṣẹ́ fún wọn, kí ẹnì kan máa bomi, kí ẹnì kan máa gbá ilẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọmọ tí kò bá fẹ́ wò ó, ẹ má fi tipátipá mú un wò ó. Orúkọ yẹn ni àṣìṣe tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀; lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kàn máa pè é ní “àgbò.”

Ọmọ ajá oṣù méjì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà gé ọmọ mi jẹ ní ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ jáde díẹ̀. Ìyá mi fi ata gígún àti epo pupa sí i. Ẹni tó tà á ní ó kéré jù láti ní digbòlugi. Ṣé òótọ́ ni?
Kàdúná

Kì í ṣe òótọ́. Ọmọ ajá lè kó o lára ìyá rẹ̀ tàbí lára ajá ìta. Tí digbòlugi bá sì ti fara hàn lára ènìyàn, kò sí oògùn tó ń wò ó, nítorí náà ẹ má fi lẹ́tà yìí dúró: ilé ìwòsàn lónìí.

Ata ń ta ojú egbò, epo ń bo kòkòrò mọ́ ibẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò lábẹ́ omi tó ń ṣàn, pẹ̀lú ọṣẹ, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ wo aago, torí ìṣẹ́jú méjì máa ń jọ 15 tí ọmọ bá ń ké. Bí ẹ̀rọ kò bá yọ omi, ẹ kún korobá, kí ẹnì kan máa fi ife dà á. Lẹ́yìn náà, ẹ fi spirit tàbí ayodíìnì sí i. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, wọ́n á tún un gún lọ́jọ́ kẹta, ìkeje àti ìkẹrìnlá sí i, àwọn míì máa ń fi ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n kún un. Torí ẹ̀jẹ̀ ti jáde, ẹ bi wọ́n nípa èyí tí wọ́n ń gún sí ojú egbò gan-an, àti ti tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹ má pa ọmọ ajá náà, ẹ má sì dá a padà. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá: bí ara rẹ̀ bá ṣì dá ṣáṣá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, dókítà lè dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró.

Ajá náà ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Ti digbòlugi máa ń jẹ́ ní oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ní Vom, nítòsí Jos, tó ti wà láti 1924, ń ṣe é níbí. Ibi ìtọ́jú ló máa ń bà á jẹ́: ó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó bá yọ ọ́ láti inú àpò ṣòkòtò lọ́jà, omi lásán ló máa gún ajá yín. Ẹ lo oògùn aràn fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí á fi pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹyin aràn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í tíì ran ènìyàn. Ó nílò ọ̀sẹ̀ bíi méjì nínú ilẹ̀. Èyí tí ẹ kó lónìí kò ní lè wọ ẹnu ọmọ tó ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré.

A fín ọ̀tapíápíá sí yàrá nítorí ẹ̀fọn ní Sábóńgàrì, Kánò. Ológbò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó jáde pẹ̀lú itọ́ tó ń dà lẹ́nu, ó ń gbọ̀n. A rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ó yè é. Ṣé ká máa tọ́jú epo sílẹ̀?

Ọlọ́run ló yọ ọ́, epo kọ́. Dichlorvos tó sábà máa ń wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń yòrò mọ́ epo, epo á sì bá a wọ ara. Ológbò tó ń gbọ̀n kì í lè gbé nǹkan mì dáadáa, nítorí náà epo tún lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ gbé e síta síbi afẹ́fẹ́, kí ẹ kó ọ̀rá sọ́wọ́, kí ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà lá a kúrò lára irun rẹ̀, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì gbé òun àti ìgò náà lọ bá dókítà ẹran. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ atropine tó ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Lójú tiwa, ẹ má fín in mọ́ rárá. NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kéékèèké dichlorvos lọ́jà, ohun tó sì gbọn ológbò jìgìjìgì yẹn náà lè ṣe ọmọ ọwọ́. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé àti àpò ẹ̀fọn ló dáa jù. Ẹ tún rántí: párásítámọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lè pa ológbò, oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin náà lè pa á, eku tó bá sì ti jẹ májèlé kò yẹ ní ẹnu rẹ̀.

Bàbá wa ń fẹ̀yìn tì. A fẹ́ ra odídẹrẹ́ fún wọn kí ilé má baà dákẹ́ jù.
Gwagwalada

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó wà nínú igbó. Ìpàdé CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ní Johannesburg lọ́dún 2016 ti fi odídẹrẹ́ sí ìpele ààbò tó ga jù. Odídẹrẹ́ sì máa ń lo ogójì ọdún, nígbà míì ọgọ́ta: ta ni á jogún rẹ̀, ta ni á sì máa gbọ́ ohùn bàbá lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà?

Ẹ ra ẹyẹlé takọtabo kan. Ẹyin méjì ni wọ́n sábà máa ń yé, tọkọtaya ló ń sàba lé e fún ọjọ́ 17 tàbí 18, ọmọ wọn á sì kúrò nínú ìtẹ́ ní bí oṣù kan. Ẹ gbé ilé wọn sórí òpó tó ga tó mítà méjì, ẹ wé páànù yí òpó náà ká kí ológbò má baà gùn ún. Agbègbè tí wọ́n wà, ẹ má jẹ́ kí àwọn ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe gbá a. Kí ẹni tó bá sì ń gbá a wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dìde. Kí bàbá máa da ọkà bàbà sí wọn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ gan-an. Tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́, wọ́n á ti tò sórí òrùlé máa wò wọ́n.